Olórin Skọ́tlándì wo ni ẹ fẹ́ràn jù, kí sì ni ìdí rẹ̀?

Arìnrìnàjò

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin olùfẹ́ orin. Ọdún keje nìyí tí mo ti ń gbé ní Glasgow, ohun kan kò sì tíì yé ṣe mí ní kàyéfì: orílẹ̀-èdè tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.5, tí Èkó nìkan fi èrò jù lọ fíìfíì, ni ó bí olórin rọ́ọ̀kì, olórin pọ́ọ̀pù àti olórin ìbílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò lè kà wọ́n tán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn to orúkọ sílẹ̀ bí olùkọ́ tí ń pe orúkọ ọmọ iléèwé láàárọ̀. Ẹ dárúkọ ẹni tí ẹ fẹ́ràn, kí ẹ sì sọ ohun tí ó mú un wọ̀ yín lọ́kàn.

The Proclaimers ni tèmi, ìyẹn Craig àti Charlie Reid, àwọn ọmọ ìyá kan náà tí wọ́n bí ní Leith ní ọdún 1962, tí wọ́n sì dàgbà ní Auchtermuchty ní agbègbè Fife. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, mo rò pé mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àfi ìgbà tí mo wọ bọ́ọ̀sì, tí awakọ̀ sì bá mi sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wọ̀ mí létí. Orin àwọn méjèèjì yìí ni ó kọ́ mi ní ohùn ìlú náà. Púpọ̀ nínú àwọn olórin ilẹ̀ Bìrìtéènì ni ó máa ń yí ohùn padà sí ti ará Amẹ́ríkà bí wọ́n bá ti súnmọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ṣùgbọ́n ẹnu tí àwọn wọ̀nyí fi ń bá ìyá wọn sọ̀rọ̀ nílé náà ni wọ́n fi ń kọrin.

Orin wọn tí a mọ̀ jù ni èyí tí ó sọ nípa rírin ẹgbẹ̀rún máìlì, ṣùgbọ́n "Letter from America" ni mo fẹ́ràn jù. Ó dé ipò kẹta lórí àtẹ orin ilẹ̀ Bìrìtéènì ní ọdún 1987. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti to orúkọ Lochaber, Sutherland, Lewis àti Skye lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn ibẹ̀ àti agbègbè tó yí wọn ká ni àwọn onílẹ̀ ti lé àgbẹ̀ kúrò lórí oko baba wọn láyé àtijọ́ kí wọ́n lè rí àyè sin àgùntàn, tí àwọn tí a lé náà sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Kánádà àti Amẹ́ríkà. Àwọn ìbejì náà wá to Bathgate, Linwood, Methil àti Irvine tì wọ́n, ìyẹn àwọn ìlú tí ilé iṣẹ́ ti kógbá sílé lójú tiwọn. Wọn kò ṣàlàyé, wọn kò sì bú ẹnikẹ́ni. Orúkọ ìlú ni wọ́n ń pè, bí ẹni tí ń ki ìlú tó ti di ahoro.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣeun, Arìnrìnàjò, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kọ "àwọn ọmọ ìyá kan náà" sílẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, kí ẹ tó wá rántí nísàlẹ̀ pé ìbejì ni wọ́n. Táíwò àti Kẹ́hìndé pọ́ńbélé ni wọ́n! Èmi tí mo bí ẹ̀jìrẹ́ mọ irú ohùn bẹ́ẹ̀ bí mo bá gbọ́ ọ. Ohùn méjì tí ó ti jọ sunkún pọ̀ ṣáájú kí ó tó jọ kọrin kì í wá ara rẹ̀ kiri nínú orin. Èkejì ti mọ ibi tí èkíní ń lọ.

Edinburgh ni mò ń gbé, kò jìnnà sí Leith, nítorí náà "Sunshine on Leith" ni ẹ ó fi mú mi. Orin ọpẹ́ ni, ó rọra ń lọ, wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 1988. Àwọn alátìlẹyìn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Hibernian ti sọ ọ́ di tiwọn. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 2016, Hibernian na Rangers ní 3 sí 2 ní pápá ìṣeré Hampden, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ Skọ́tlándì tí wọn kò tíì tún fọwọ́ kàn láti ọdún 1902. Nígbà tí eré parí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn gbé orin yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lórí ìjókòó wọn. Ọkọ mi kì í ṣe ẹni tí ń sunkún. Ó ní eruku ni ó wọ òun lójú níwájú tẹlifíṣọ̀n.

Onígìtá

Ẹ jẹ́ kí á gbé gìtá wọlé wàyí. Ẹgbẹ́ méjì ni mo fẹ́ dárúkọ. Èkíní ni Big Country láti Dunfermline, tí Stuart Adamson dá sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó kúrò nínú The Skids. Bí ẹ kò bá tíì gbọ́ àwo wọn ti ọdún 1983, The Crossing, ẹ wá a. Ẹ ó búra pé fèrè alápò ni ẹ ń gbọ́, èyí tí àwọn ọkùnrin tó wọ yẹ̀rì aláwọ̀ títa-ń-tata máa ń há sí abíyá fọn, ṣùgbọ́n gìtá ni. Adamson àti Bruce Watson ni wọ́n fi gìtá méjì dá ohùn náà, tí wọ́n jẹ́ kí okùn dún pẹ́ láìgé, tí wọ́n sì ń ta orin bí ẹni ń fọn ún. Mo ti lo oṣù mẹ́ta lórí orin kan ṣoṣo nínú àwo yẹn, ìka mi kò sì tíì gbà.

Èkejì ni AC/DC. Angus Young àti Malcolm Young, Glasgow ni wọ́n bí wọn sí. Bon Scott tí ó ń kọrin fún wọn títí ó fi kú ní ọdún 1980, ọmọ Kirriemuir ni. Kò sí ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì kankan tí ó lè fi ìlù àti gìtá méjì ṣe ohun tí àwọn yẹn ṣe láìfi nǹkan kan ṣàfikún.

Alárìíwísí

Ẹ dákun, Onígìtá, mo fara mọ́ èkíní, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ èkejì rárá. Ìlú Sydney ní Ọsirélíà ni wọ́n ti dá AC/DC sílẹ̀ ní ọdún 1973. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Bon Scott nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó wọn lọ sí Ọsirélíà ní 1952, àwọn ọmọ Young náà sì kó lọ ní 1963 nígbà tí Angus ṣì wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ibi tí ènìyàn ti kọ́ orin ni ó yẹ kí á kà sí ilé orin rẹ̀. Bí a bá ń lọ báyìí, ẹnìkan yóò wá sọ fún wa lọ́la pé ará Skọ́tlándì ni Rod Stewart, ẹni tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù, kìkì nítorí pé ará Leith ni baba rẹ̀ àti pé ó fẹ́ràn láti máa ju ìborùn aláwọ̀ títa-ń-tata sọ́rùn.

Onígìtá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ tí yóò ká yín mọ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ ní ẹ fara mọ́ Big Country. Manchester ni wọ́n bí Stuart Adamson sí. Timmins, ní Ontario ní Kánádà, ni wọ́n bí Bruce Watson sí. Tony Butler tí ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù ni. Mark Brzezicki onílù, Slough ni. Ẹgbẹ́ tí etí gbogbo ayé gbọ́ bí Skọ́tlándì gan-an gan-an, kò sí ẹnìkan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n bí síbẹ̀! Bí ẹ bá ní ibi ìbí kọ́ ni òṣùwọ̀n, a jẹ́ pé Big Country wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé Bon Scott gbé nǹkan ilé dání lọ. Fèrè alápò tí ẹ ń gbọ́ nínú orin AC/DC ti ọdún 1975 nì, òun ni ó fọn ún. Wọ́n rò pé ó ti mọ̀ ọ́n fọn tẹ́lẹ̀ nítorí pé ó ti wà nínú ẹgbẹ́ onífèrè nígbà èwe rẹ̀, wọn kò mọ̀ pé ìlù ni ó ń lù níbẹ̀. Ó ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ó fi mọ̀ ọ́n. Ère rẹ̀ tí wọ́n gbé dúró ní Kirriemuir ní ọdún 2016, fèrè yẹn wà lábíyá rẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Ẹ rọra o, Alárìíwísí. Edinburgh ni mo bí àwọn ọmọ mi sí. Tí ẹnìkan bá sọ fún mi pé nítorí náà wọn kì í ṣe ọmọ Yorùbá, a ó jọ wọ̀yá ìjà ni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ka àwọn ọmọ tèmi sí Yorùbá, kí ni ẹ fẹ́ sọ sí ti Rod Stewart?

Alárìíwísí

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí Big Country. Lórí Rod Stewart, mo ṣì jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí ẹ tó tún rí ẹ̀sùn mìíràn kà sí mi lọ́rùn. The Blue Nile, ará Glasgow. Àwo mẹ́rin péré ni wọ́n gbé jáde láàárín ogún ọdún: 1984, 1989, 1996 àti 2004. Àwọn olórin wa tí wọ́n ń gbé àwo mẹ́ta mẹ́rin jáde lọ́dún kan yóò pè é ní ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ Hats, èkejì nínú wọn, ní alẹ́ tí òjò ń rọ̀, kí ẹ sì wá sọ èrò yín. Dùùrù oníná, ìlù ẹ̀rọ tí kò pariwo, àti ohùn Paul Buchanan tí ó dà bíi ti ọkùnrin tí ó ń rìn bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lábẹ́ iná òpópónà, tí ó sì ń ro bóyá kí òun pe ẹnìkan lórí fóònù. Kò sí ìlú kankan nínú orin wọn tí kì í ṣe Glasgow, bí wọn kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Bàbá Onírẹ́kọ́ọ̀dù

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Èmi kò dé Skọ́tlándì rí, rẹ́kọ́ọ̀dù ni ó gbé e wá bá mi ní Ìbàdàn. Orúkọ Bathgate tí Arìnrìnàjò dá yẹn, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù Leyland ni ó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó tì í ní ọdún 1986, àwa ará Ìbàdàn sì mọ Leyland dáadáa, nítorí pé wọ́n ń to ọkọ̀ tiwọn pọ̀ nílùú tiwa náà nígbà kan rí.

Ní nǹkan bí ọdún 1975, ọ̀rẹ́ mi kan mú rẹ́kọ́ọ̀dù kan wá sílé mi. Orin olóhùn fèrè sasofóònù ni, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọ̀rọ̀ nínú, àwọn tí ń lù ú sì ń lù ú bí àwọn ọmọ ẹ̀yìn James Brown. Mo ní Amẹ́ríkà dúdú ni wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín, ó yí páálí rẹ̀ sí mi: Average White Band. Òyìnbó ni gbogbo wọn, ará Skọ́tlándì ni wọ́n, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ará Dundee àti agbègbè rẹ̀. "Pick Up the Pieces" ni orúkọ orin náà, ó gun orí àtẹ Amẹ́ríkà dé ipò kìíní ní oṣù Kejì ọdún 1975. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn wọn ni pé àwọn onílù James Brown fúnra wọn dá wọn lóhùn. Wọ́n ṣe orin tí ó fara jọ tiwọn, wọ́n sì pe ara wọn ní Above Average Black Band. A kì í dá ẹni tí kò tó nǹkan lóhùn bẹ́ẹ̀.

Ìbànújẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Robbie McIntosh, onílù wọn, kú ní Los Angeles ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1974, kò rí ipò kìíní náà. Ẹni tí wọ́n mú rọ́pò rẹ̀ ni Steve Ferrone, ọmọ Brighton, ènìyàn dúdú. Orúkọ ẹgbẹ́ náà kò sì yí padà.

Ẹ tún fi Jack Bruce kún un fún mi. Bishopbriggs ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1943, òun ni ó ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ tí ó sì ń kọrin nínú Cream, ìyẹn ẹgbẹ́ tí òun, Eric Clapton àti Ginger Baker jọ dá sílẹ̀. Ginger Baker yìí kan náà ni ó wá sí Èkó lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ náà tú ká, tí ó sì bá Fela ṣe àwo jáde ní ọdún 1971. Gbogbo ènìyàn níbí ni ó mọ Baker nítorí Fela. Wọn kì í béèrè ẹni tí ó ń bá a lu orin ṣáájú ìgbà náà, tí wọ́n sì máa ń bá ara wọn jà bí ológbò àti ajá.

Ọmọ Olùkọ́

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Gbogbo wa ti ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ń kọrin ní Gẹ̀ẹ́sì, yálà pẹ̀lú ohùn Fife tàbí ti Dundee. Ẹ jẹ́ kí n mú èdè mìíràn wọlé, nítorí pé Skọ́tlándì ní ju èdè kan lọ. Ìkànìyàn ọdún 2011 fi hàn pé nǹkan bí 57,000 ènìyàn ni ó ń sọ èdè Gaelic níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ní àwọn erékùṣù ìwọ̀-oòrùn. Iye yẹn kò tó èrò àdúgbò kan ní Ìbàdàn. Síbẹ̀, inú èdè yẹn ni mo ti rí orin tí ó súnmọ́ tiwa jù lọ.

Ní àwọn erékùṣù náà láyé àtijọ́, bí wọ́n bá hun aṣọ onírun àgùntàn tán, àwọn obìnrin máa ń jókòó yí tábìlì gígùn kan ká, wọ́n á rẹ aṣọ náà (ìtọ̀ tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú), wọ́n á sì máa fi ọwọ́ gbá a mọ́ tábìlì léraléra kí ó lè ki, kí òtútù má sì lè wọ inú rẹ̀. Orin ni ó ń mú kí ọwọ́ wọn ṣọ̀kan. Obìnrin kan á lé orin, àwọn yòókù á gbè é. Ègbè náà sábà máa ń jẹ́ ohùn lásán tí kò ní ìtumọ̀, ọ̀rọ̀ á wà lẹ́nu ẹni tí ń lé e: ìtàn ìfẹ́, ìtàn ìjà, ẹ̀dùn ọkàn, èébú fún ọkùnrin tí kò mọ ohun tí ó ń ṣe. Ta ni nínú wa tí kò mọ lílé àti gbígbè? Ìlù wọn ni tábìlì, aṣọ sì ni awọ ìlù náà.

Irú orin bẹ́ẹ̀ ni Capercaillie gbé dé ìgboro. Ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní Oban ní àwọn ọdún 1980, Karen Matheson ni ó ń kọrin, Donald Shaw ń tẹ kọ́díọ̀nù àti dùùrù. Ní ọdún 1992, "Coisich, a Rùin", tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ "Máa rìn, olólùfẹ́ mi", wọ inú ogójì àkọ́kọ́ lórí àtẹ ilẹ̀ Bìrìtéènì. Orin ìgbáṣọ ni, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti pé ọ̀rúndún mélòó kan. Kò sí orin Gaelic ti Skọ́tlándì kankan tí ó ti dé ibẹ̀ rí.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Runrig gun òkè ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n dé ipò kejìdínlógún pẹ̀lú orin Gaelic kan tí ìpolówó ọtí bíà ti sọ di olókìkí. Runrig fúnra wọn tó kókó kan lọ́tọ̀. Skye ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1973 bí ẹgbẹ́ tí ń lu orin fún ijó, Calum àti Rory Macdonald ni wọ́n sì ń kọ èyí tó pọ̀ jù nínú orin wọn. Àwo wọn àkọ́kọ́, ní 1978, Gaelic pátápátá ni, ní àsìkò tí àwọn òbí mìíràn ṣì ń rò pé èdè náà kò lè gbé ọmọ débì kankan. Nígbà tí Donnie Munro, olóhùn wọn, lọ bá òṣèlú ní 1997, Bruce Guthro ni wọ́n lọ mú wá, ọmọ Cape Breton ní Kánádà, ìyẹn erékùṣù tí púpọ̀ nínú àwọn tí a lé kúrò lórí ilẹ̀ wọn lọ tẹ̀dó sí. Ẹ rántí orin Arìnrìnàjò lókè. Ọdún 2018 ni wọ́n ṣe ìdágbére lábẹ́ ilé olódi Stirling, alẹ́ méjì gbáko.

Bàbá Onírẹ́kọ́ọ̀dù

Ọmọ Olùkọ́, o ṣeun. Àwọn tí kò wọ ẹgbẹ́ ńkọ́? Àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ní orin náà gan-an, ǹjẹ́ ẹnìkan gba ohùn wọn sílẹ̀?

Ọmọ Olùkọ́

Wọ́n gbà á sílẹ̀, Bàbá, bí àwọn ọ̀mọ̀wé tiwa náà ṣe tọ àwọn ọdẹ lọ láti gba ìjálá. Yunifásítì Edinburgh dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà ní 1951, Hamish Henderson sì wà lára àwọn tí ó ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kiri. Ní 1953, ó kan ilẹ̀kùn obìnrin kan ní Aberdeen tí ń jẹ́ Jeannie Robertson. Ìran àwọn alárìnkiri ni obìnrin náà ti wá, àwọn tí ń gbé inú àgọ́, tí ń ta tánganran tí ń ṣa èso lóko olóko, tí àwọn ará ìlú kì í sì í fẹ́ fojú rere wò. Ọ̀dọ̀ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni àwọn orin ìtàn gígùn tí àwọn ọ̀mọ̀wé rò pé ó ti kú wà, odindi, láìbàjẹ́. Ohùn Jeannie kò lo ohun èlò kankan. Ó ń lọ wọ́ọ́rọ́, ó sì wúwo bí ẹni tí ó ń ka ẹjọ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ohùn náà. Martyn Bennett, ẹni tí ó mọ fèrè alápò àti fayolíìnì dé gongo, ní àrùn jẹjẹrẹ nígbà tí ó ṣì wà ní ọ̀dọ́. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á láti lo ohun èlò mọ́, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó kó ohùn àwọn alárìnkiri àti ti àwọn olórin Gaelic tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, ó sì gbé ìlù ilé ijó òde òní sábẹ́ wọn. Grit ni orúkọ àwo náà, ọdún 2003 ni ó jáde. Ó kú ní oṣù Kìíní ọdún 2005, ọmọ ọdún 33. N kò mọ àwo mìíràn tí òkú àti alààyè ti pàdé báyìí láìjẹ́ pé ọ̀kan ń rán èkejì níṣẹ́. Ní ọdún 2015, Greg Lawson tún gbogbo rẹ̀ tò fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ onílù àti onífèrè, wọ́n sì fi ṣí Celtic Connections, àjọ̀dún orin tí wọ́n máa ń ṣe ní Glasgow ní oṣù Kìíní ọdọọdún.

Onígìtá

Ìbéèrè kékeré: ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́ Gaelic, kí ni ẹ wá ń gbọ́ nínú rẹ̀?

Akéwì

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹgbẹ́ mìíràn dáhùn, Onígìtá. Cocteau Twins, ará Grangemouth, ìlú tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì títí di ọdún 2025. Kí wọ́n má baà rò pé mo yà kúrò lójú ọ̀nà, inú orin àtijọ́ kan tí àwọn Simple Minds, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Glasgow, ń kọ nígbà tí wọn kò tíì gba orúkọ yẹn ni wọ́n ti mú orúkọ tiwọn. Robin Guthrie ni ó ń ta gìtá tí ó dún bí ìkùukùu, Elizabeth Fraser ni ó ń kọrin. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a lè pè é, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ó ń mú ọ̀rọ̀ nítorí bí ó ṣe dún lẹ́nu, ó ń gé e, ó ń dà á pọ̀. Òyìnbó àti dúdú, kò sí ẹni tí ó gbọ́ ọ tán.

Ohun tí ó ń ṣe sí etí Yorùbá ni mo fẹ́ sọ. Àwa mọ̀ pé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan tó láti sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni dùndún ṣe ń pe ènìyàn lórúkọ láìní ẹnu. Nítorí náà, bí Fraser bá ti bẹ̀rẹ̀, etí mi a máa wá ọ̀rọ̀ nínú ohùn náà bí mo ṣe máa ń wá a nínú ìlù. Ní ọjọ́ kan, mo búra pé ó ní "wá bá mi délé". Ní ọjọ́ kejì, orin kan náà, "ọmọ mi dẹ́kun". Ẹ gbọ́ Heaven or Las Vegas ti ọdún 1990, kí ẹ sọ ohun tí tiyín gbọ́.

Ìyá Ìbejì

Ọmọbìnrin mi jókòó tì mí, ó ní kí n sọ fún yín pé àgbàlagbà ni gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé níbí. Lewis Capaldi ni èkejì rẹ̀ fẹ́ràn, ẹni tí ó ń pa wá lẹ́rìn-ín lórí fóònù tí ó sì ń pa wá lẹ́kún nínú orin. Èmi àti Annie Lennox, ọmọ Aberdeen, ni a jọ ń ṣe iṣẹ́ ilé lọ́jọ́ Sátidé. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tí ọmọbìnrin mi ní kí n kọ sílẹ̀ ni Young Fathers, ará Edinburgh níbí. Mẹ́ta ni wọ́n: Alloysious Massaquoi, tí wọ́n bí ní Làìbéríà, Graham Hastings, àti Kayus Bankole, tí wọ́n bí ní Edinburgh níbí tí àwọn òbí rẹ̀ sì wá láti Nàìjíríà. Bánkọ́lé! Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ta ni ará Skọ́tlándì, ẹ gbé ìyẹn yẹ̀ wò.

Arìnrìnàjò

Mo ti ń retí ẹni tí yóò dárúkọ wọn. Láti ìgbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún bíi mẹ́rìnlá ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń ṣeré pọ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ wọn wá láti inú pé orúkọ baba ni wọ́n sọ olúkúlùkù wọn. Wọ́n gba ẹ̀bùn Mercury ní 2014 fún àwo wọn Dead, wọ́n sì ti gba ẹ̀bùn àwo tó dára jù ní Skọ́tlándì nígbà mẹ́ta, ní 2014, 2018 àti 2023. N kò lè sọ irú orin tí wọ́n ń kọ. Ráàpù wà níbẹ̀, orin ìjọ wà níbẹ̀, ariwo rọ́ọ̀kì wà níbẹ̀, ìlù rẹ̀ sì wúwo.

Mo lọ wò wọ́n ní Barrowland, gbọ̀ngàn ijó àtijọ́ tí ó wà ní ìlà-oòrùn Glasgow, tí gbogbo olórin fẹ́ràn nítorí pé pákó ilẹ̀ rẹ̀ máa ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ èrò. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin kan tí ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ó wọ ẹ̀wù Big Country. Ó sọ nǹkan kan sí mi létí láàárín orin kejì àti ìkẹta, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìsí pé ó tún un sọ. Ó ní kí n má dúró síbẹ̀ tí n bá fẹ́ kí etí mi ṣiṣẹ́ lọ́la.

Alárìíwísí

Bánkọ́lé, ọmọ Edinburgh. Ó dáa. Mo ti dìde lórí Rod Stewart.

Bàbá Onírẹ́kọ́ọ̀dù

Ọmọ-ọmọ mi bá mi wá "Coisich, a Rùin" lórí fóònù rẹ̀ lálẹ́ àná. Ní ìgbà kẹta tí ó lù ú, ìyàwó mi ti ń gbè é láti inú ilé ìdáná.